Máńtíìsì Kò Béèrè Àgbàlá

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gé awò kóńkóló méjì, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù, èkejì aláwọ̀ ewé. Wọ́n fi ìda oyin lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú kòkòrò kan, wọ́n sì tan sinimá fún un. Bí ohun tó ń rìn nínú sinimá náà bá ti dà bí èyí tó sún mọ́ ọn tó, wàrà ni kòkòrò náà ń na apá láti mú un jẹ. Ohun tí Jenny Read, Vivek Nityananda àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ń wá gan-an nìyẹn: ẹ̀rí pé kòkòrò yìí ń fi ojú rẹ̀ méjèèjì díwọ̀n bí ẹran tó fẹ́ pa ṣe jìnnà sí i tó.

Máńtíìsì ni kòkòrò náà, èyí tó máa ń ká apá iwájú rẹ̀ sí àyà bí ẹni tó dúró ti pẹpẹ. Ẹ̀yà tí wọ́n lò, Sphodromantis lineola, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ òtútù. Áfíríkà ni ilé rẹ̀, ìhà ìwọ̀-oòrùn tiwa níbí sì wà lára ibi tó ń gbé. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn kòkòrò ní Britain, Jámánì àti Amẹ́ríkà ti ń sìn ín nínú yàrá wọn, tí wọ́n ń mú ọmọ rẹ̀ jáde láti ìran dé ìran, tí wọ́n sì ń tà á fún ara wọn. Phyllocrania paradoxa tó jọ ewé gbígbẹ, àti Pseudocreobotra ocellata tó ní àwòrán ojú lórí ìyẹ́, ọmọ Áfíríkà ni àwọn náà. Kò ṣòro láti rí wọn lórí àtẹ àwọn tó ń ta ọ̀sìn kékeré nílùú òyìnbó.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó ńkọ́? Bí máńtíìsì bá tẹ̀lé iná wọlé lálẹ́, bàtà ló sábà máa ń pàdé. Ìyá á pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Ẹ̀gbọ́n á wá ìgbálẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ wò ó dáadáa ni wọ́n á bá wí.

Ó yẹ kí èyí yí padà. Nínú gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí tí ọmọ Erékùṣù Èkó lè sìn nínú ilé, agbára káká la fi lè rí èyí tó bá ibẹ̀ mu tó máńtíìsì. Kò ní kí wọ́n ra ilẹ̀, kò gbó, kò ké, kò tọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ọmọ yóò sì rí kọ́ lára rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan pọ̀ ju ohun tí ajá tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lè fi hàn án fún ọdún márùn-ún.

Kì í ṣe pé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò mọ ọ̀sìn. Ta ni yóò bá wọn du àgbò? Láti Ìdúmàgbò dé Òkè Pópó, àwọn ọ̀dọ́ ń tọ́ àgbò ìjà, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un lórúkọ, wọ́n sì ń gbé e lọ figagbága ní Sùúrùlérè. Àmọ́ àgbò ń jẹ owó, ó sì ń jẹ àyè. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka àwọn tó ju 200,000 lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island, lórí ilẹ̀ tí kò pé kìlómítà 10 níbùú-lóòró. Àgbàlá tí àwọn baba ńlá fi ń sin adìyẹ àti ẹyẹlé ti di ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó wà nínú yàrá kan kò ní ibi tí yóò so àgbò mọ́.

Ọ̀nà tí àwọn kan fẹ́ gbà yẹra fún àìsí àyè yìí kò dára. Wọ́n ń ra ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n fi ṣéènì dè nídìí, tàbí odídẹrẹ́ tí wọ́n kó nínú ìtẹ́ kó tó lè fò. Odídẹrẹ́ ti ń tán lọ nínú igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà débi pé ní 2016, ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, tó wáyé ní Johannesburg fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹyẹ tó lè gbé ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ní làákàyè ọmọdé, kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń há mọ́ inú àgò ẹ̀yìn fèrèsé.

Ti máńtíìsì yàtọ̀. Ìwọ̀n ilé tó ń fẹ́ rọrùn láti ṣírò: kó ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn ara rẹ̀, kó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 ń fẹ́ ike tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 21. Ike ńlá tí wọ́n fi ń ta súìtì ní Ìdúmọ̀tà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ dípò ìdérí, wọ́n á ki ẹ̀ka igi kan bọ inú rẹ̀, ó parí. Gíga yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Òkè ike ni kòkòrò yìí ti máa ń dorí kodò nígbà tó bá fẹ́ bọ́ awọ, ó ń rọ̀ jáde látinú awọ àtijọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí àyè kò bá tó, tàbí bí ẹnì kan bá mi ike náà lásìkò yẹn, á jábọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń kú. Ẹ̀ẹ̀meje tàbí ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló sábà máa ń bọ́ awọ kó tó dàgbà. Tó bá ti kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, tó dorí kodò tí kò mira, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Àwọn tó ń sìn ín ní ìlú òtútù ń náwó lórí ìgbóná. Wọ́n ń ra bẹ́líìtì oníná àti gílóòbù kí ike náà má bàa tutù ju bó ṣe yẹ lọ. L'Ékòó, ojú ọjọ́ ti ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rinrin tí ọ̀sà àti òkun ń fẹ́ wọ ìlú tún ń ràn án lọ́wọ́ láti bọ́ awọ. Omi díẹ̀ tí wọ́n fọ́n sára ewé láàárọ̀ ti tó o mu. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni wọ́n ní láti fọ́n ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, nítorí ohun tó ń mira nìkan ni máńtíìsì ń rí bí oúnjẹ. Àmọ́ ibo ni wọ́n tún ti ń wá kòkòrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti rọ̀ jù, èyí tí àwọn oníṣòwò Òkè Àrín ń dà nù, ń pe kantíkantí jọ láàárín ọjọ́ méjì. Kantíkantí ni oúnjẹ ọmọ máńtíìsì tuntun. Bó ṣe ń dàgbà ni eṣinṣin yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìrẹ̀, tata, àti aáyán tí kò tíì tóbi jù. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí esunsun fò jáde, àsè dé. Ìkìlọ̀ kan ló wà: aáyán ilé ìdáná tí wọ́n ti fín oògùn sí kì í ṣe oúnjẹ. Májèlé inú rẹ̀ yóò pa máńtíìsì tó bá jẹ ẹ́.

Láti sìn ín nìkan kò tó. Ẹni tó bá mú un bímọ ló rí ọ̀pọ̀ nǹkan. Kí ó kọ́kọ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo: abẹ́ ikùn akọ ní ìpín mẹ́jọ, ti abo ní mẹ́fà, abo sì máa ń sanra jù. Kò gbọ́dọ̀ kó wọn pọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bọ́ awọ ìkẹyìn. Kí ó fún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ara wọn gbó. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kó wọn pọ̀, kí ó bọ́ abo yó bámú, kí ó sì fi akọ sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe síwájú.

Ìtàn tí gbogbo ayé gbọ́ ni pé abo ń jẹ ọkọ rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ebi ló sábà máa ń fà á, akọ tó bá sì rìn jẹ́jẹ́ sábà máa ń bọ́. Bí wọ́n bá yà tán, kí wọ́n kó akọ kúrò kíá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, abo yóò tú ìfófó jáde mọ́ ara igi, yóò yé ẹyin sínú rẹ̀, ìfófó náà yóò sì le di àpò. Abo kan lè ṣe irú àpò bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan kó tó kú. Bí wọ́n bá gbé àpò náà kọ́ sínú ike ní ojú ọjọ́ Èkó, wọ́n lè retí ọmọ láàárín oṣù kan sí méjì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá pa ni ẹnu yóò yà ará ilé. Ọmọ tó ju 100 lọ lè jáde nínú àpò kan ṣoṣo lówùúrọ̀ kan, ìkọ̀ọ̀kan wọn pé ní ẹsẹ̀, pé ní ojú, ebi sì ti ń pa wọ́n. Bí kantíkantí kò bá tó, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Ẹni tó gbọ́n yóò mú mẹ́wàá, yóò fi ìkọ̀ọ̀kan sínú ike tirẹ̀ bí wọ́n bá ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kó ìyókù lọ sórí igbó òdòdó tí wọ́n ti mú ìyá wọn. Ọgbà Freedom Park, tó rọ́pò ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street láti 2010, wà lára ibi díẹ̀ tí ewé ṣì pọ̀ sí láàárín erékùṣù náà. Òdòdó etí ọ̀nà Oníkàn tún wà níbẹ̀.

Ọmọ tó bá rí gbogbo èyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi pátákó ṣàlàyé fún un pé ìwọ̀nba ọmọ ni ẹ̀dá inú igbó ń tọ́ dàgbà nínú ọ̀pọ̀ tó bí. Ó ti kà á. Yóò rí i pé máńtíìsì lè yí orí wo ẹ̀yìn láìmira lára. Tó bá tún fẹ́ mọ̀ sí i, yóò gbọ́ pé ní 1986, David Yager àti Ronald Hoy fi hàn pé etí kan ṣoṣo ló ní, pé àárín àyà rẹ̀ ni etí náà wà, àti pé irú ariwo tí ènìyàn kò lè gbọ́, bíi ti àdán, ni etí náà ń gbọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé eré òyìnbó ni. Kí wọ́n bi Ìbàdàn léèrè. Nígbà tí kòkòrò funfun kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé ń pa ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà ní nǹkan bí 1970 sí 1980, kì í ṣe oògùn ni IITA, àjọ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, fi ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n mú agbọ́n kékeré kan wá láti Paraguay, wọ́n sìn ín, wọ́n jẹ́ kó bí sí i, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti 1981 lọ, kó lè máa pa kòkòrò náà. Hans Herren tó ṣíwájú iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ẹ̀gẹ́ tó di gààrí tí wọ́n ń tà lónìí jẹ gbèsè fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sin kòkòrò. Àwọn ọmọ Japan tó ń ra ọ̀bọ̀ǹbọ̀n oníwo nílé ìtajà ńlá lásìkò ìsinmi, tí wọ́n ń sìn ín nínú ike, kò sì fi ohunkóhun bùkù nínú ìwé wọn.

Àwọn mìíràn yóò ní kòkòrò yìí ń bu ènìyàn jẹ, tàbí pé nǹkan mìíràn wà nídìí rẹ̀. Kò ní oró. Kì í ta ènìyàn. Ẹ̀gún apá rẹ̀ lè gún ọmọ ní ìka, tàbí kí ó ge é jẹ díẹ̀, bí wọ́n bá fún un mọ́ra, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í gbé àrùn fún ènìyàn bí ẹ̀fọn, kì í sì í rìn lórí oúnjẹ bí aáyán. Àwọn Hausa pàápàá fi Koki, tó jẹ́ máńtíìsì, ṣe ìyàwó Gizo aláǹtakùn nínú àlọ́ wọn.

Àtakò kan ló lágbára, kò sì yẹ kí wọ́n fò ó dá: oògùn ẹ̀fọn. Ilé tó bá fẹ́ sin máńtíìsì kò lè máa fín oògùn káàkiri yàrá lálaalẹ́. Kọ́ìlì ẹ̀fọn àti oògùn inú agolo ń pa á. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn sí pàápàá yóò pa á bó bá rìn lórí rẹ̀. Ibà ṣì ń pa ọmọ ní Nàìjíríà, kò sì sí òbí tó gbọ́dọ̀ bọ́ àwọ̀n kúrò lórí ibùsùn nítorí kòkòrò. Máńtíìsì kò sì ní gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀fọn: ẹ̀fọn kéré jù fún èyí tó ti dàgbà láti máa fi ṣe oúnjẹ.

Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí àwọn ènìyàn sùn sábẹ́ àwọ̀n, kí ike náà wà ní igun mìíràn tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì tí kò ní oògùn bo ojú fèrèsé. Èyí tó yẹ kó kúrò nínú ilé pátápátá ni dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Sniper, tí wọ́n ń wọ́n sí abẹ́ ibùsùn àti sí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Oògùn oko ni. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títà ìgò oní-100 mílílítà rẹ̀ lórí àtẹ ní ọjà, nítorí àwọn tó ń gbé e mu láti fi pa ara wọn. Bí ike máńtíìsì kan bá jẹ́ ìdí tí ìdílé kan fi gbé ìgò yẹn kúrò níbi tí ọmọ ń sùn, ó ti sanwó ilé tó ń gbé.

Òfin méjì ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí fi sọ́kàn. Èkíní ni pé kí ó sin èyí tó bá ládùúgbò, kí ó má ṣe wá ti ilẹ̀ òkèèrè. New Zealand mọ ìdí. Máńtíìsì kan láti Gúúsù Áfíríkà, Miomantis caffra, ni wọ́n rí ní Auckland ní 1978. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé òórùn abo rẹ̀ ń fa akọ máńtíìsì ìbílẹ̀ mọ́ra ju ti abo tirẹ̀ lọ. Bó bá sì débẹ̀, abo àjèjì náà a sábà jẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Tenodera sinensis tó ti ìhà China wá, tí wọ́n rí nítòsí Philadelphia ní 1896, ti tàn káàkiri, wọ́n sì ń ta àpò ẹyin rẹ̀ fún àwọn ológbà títí dòní. Ní 2017, Martin Nyffeler àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ 147 jọ láti orílẹ̀-èdè 13 nípa máńtíìsì tó mú ẹyẹ. Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù lọ ti wá, ẹyẹ kékeré tó ń mu oje òdòdó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i lọ́wọ́.

Èkejì ni pé kí wọ́n má sọ ọ́ di òwò. Ọdún kan kò sábà pé tí máńtíìsì fi ń gbáyé, àpò ẹyin sì rọrùn láti fi sínú àpò ìwé ránṣẹ́. Ìdẹwò wà níbẹ̀ fún ẹni tó gbọ́ pé òyìnbó ń fi owó ra irú rẹ̀. Àjọ NAQS tó ń bójú tó ohun ọ̀gbìn àti ẹranko tó ń wọlé tó ń jáde ní Nàìjíríà wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí sì ní òfin tirẹ̀. Ògòǹgò ọ̀rọ̀ yìí ni kí ọmọ mọ ohun tó wà ní ẹ̀bá ilé rẹ̀, kì í ṣe kí ó máa kó o tà.

Ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Láti King's College tó ti wà lórí erékùṣù náà láti 1909, dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ní àárín agbo ilé, àwọn ọmọ ń kọ́ nípa bí kòkòrò ṣe ń dàgbà. Wọ́n ń ya aáyán àti tata látinú ìwé, wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i, wọ́n sì ń há a sórí fún ìdánwò. Ike súìtì kan, ẹ̀ka igi kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti bàjẹ́ kò ní ná ilé ẹ̀kọ́ kankan ní owó tó pọ̀. Olùkọ́ kò sì ní láti dúró de ẹ̀rọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alausa kò tíì fi ránṣẹ́.

Kí olùkọ́ náà ṣètò rẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà. Abo àgbà tí wọ́n bá rí mú nígbà ìwọlé oṣù September lè ti gùn pẹ̀lú akọ kó tó kó sí wọn lọ́wọ́. Tó bá yé ẹyin láàárín oṣù kan, àwọn ọmọ lè pa ní November tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ December, gẹ́lẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tó tì fún Kérésìmesì. Kò ní sí ẹni tí yóò bọ́ wọn nínú kíláàsì tí wọ́n ti tì pa. Nítorí náà, kí wọ́n pín wọn fún àwọn ọmọ, ike kan fún ọmọ kan, pẹ̀lú ìwé pélébé tó ṣàlàyé oúnjẹ àti omi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa kan àwọn òbí: kí wọ́n gba ike náà wọlé, kí wọ́n fi sí ibi tí oògùn ẹ̀fọn kò dé, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ dá a bọ́ fúnra rẹ̀ títí di oṣù January.